Ilé Ẹ̀kọ́ Ìṣègùn Tí Kò Ní Yàrá Òkú: Bí Wọ́n Ṣe Fi Awò HoloLens Kọ́ni Nípa Ẹ̀yà Ara Ènìyàn ní Cleveland

Ní ọdún 2019, Yunifásítì Case Western Reserve àti ilé ìwòsàn Cleveland Clinic jọ ṣí ilé ẹ̀kọ́ ìlera tuntun kan ní ìlú Cleveland, ní ìpínlẹ̀ Ohio, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ilé-iṣẹ́ Foster + Partners ti ìlú London ni ó ya àwòrán ilé náà, Samson Pavilion sì ni wọ́n ń pe èyí tí ó tóbi jù níbẹ̀. Àwọn tí ń kọ́ṣẹ́ dókítà, àwọn tí ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti àwọn tí ń kọ́ṣẹ́ ìtọ́jú eyín ni wọ́n jọ ń lò ó. Ẹni tí ó bá mọ bí ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ṣe máa ń rí yóò tètè fura pé ohun kan kù níbẹ̀: kò sí yàrá tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń la òkú. Awò kan tí wọ́n ń dé mọ́rí, ìyẹn HoloLens ti ilé-iṣẹ́ Microsoft, tí ó ń fi àwòrán ara ènìyàn sí àárín yàrá níwájú ẹni tí ó dé e, ni wọ́n gbé ẹ̀kọ́ náà kà.

Mo fẹ́ ṣe àlàyé bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń lo awò náà nínú kíláàsì, ohun tí ìwádìí rí nípa rẹ̀, àti ibi tí ọ̀rọ̀ náà dé báyìí. Lójú tèmi, àwọn ará Cleveland rí ohun kan gidi tí òkú kì í lè fi han akẹ́kọ̀ọ́ dáadáa, wọ́n sì rí i ṣáájú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ibi tí ọkàn mi kò ti balẹ̀ ni pé wọ́n fi bíríkì àti sìmẹ́ǹtì de ara wọn mọ́ ẹ̀rọ tí ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo ṣe.

Ó ti pẹ́ tí ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ti gbà pé ẹni tí kò bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ la òkú kò tíì mọ ohun tí ó wà nínú ènìyàn. Andreas Vesalius, tí ó kọ́ni ní Padua ní Ítálì, fìdí àṣà náà múlẹ̀ nígbà tí ó tẹ ìwé ńlá rẹ̀ jáde ní 1543, nítorí ohun tí ó fi ojú ara rẹ̀ rí nínú òkú ni ó fi tún ọ̀pọ̀ nǹkan ṣe nínú ohun tí àwọn dókítà ti ń gbà gbọ́ láti ayé Galen, dókítà Gíríìkì àtijọ́, láìwò ó wò. Ṣùgbọ́n ibi tí òkú ti ń wá ti ń dá wàhálà sílẹ̀ tipẹ́. Ní Ohio yìí kan náà, ní oṣù Karùn-ún ọdún 1878, wọ́n sin John Scott Harrison, ẹni tí bàbá rẹ̀, William Henry Harrison, jẹ ààrẹ Amẹ́ríkà, tí ọmọ rẹ̀, Benjamin Harrison, sì wá di ààrẹ lẹ́yìn náà. Ní ọjọ́ kejì ìsìnkú, àwọn ẹbí rẹ̀ lọ ń wá òkú ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí wọ́n jí gbé kúrò nínú ibojì; inú ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn kan ní Cincinnati ni wọ́n ti bá òkú John Scott Harrison fúnra rẹ̀, tí wọ́n fi okùn so rọ̀. Irú ìtìjú báyìí wà lára ohun tí ó mú kí àwọn aṣòfin ṣe òfin tuntun lórí òkú tí wọ́n fi ń kẹ́kọ̀ọ́. Lónìí ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ jù lọ òkú tí ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ń lò jẹ́ ti àwọn tí wọ́n ti fọwọ́ sí ìwé nígbà ayé wọn pé kí wọ́n fi ara àwọn kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́.

Òkú tí wọ́n gbà lọ́nà ẹ̀tọ́ náà kò ṣàìní ìnira tirẹ̀. Formalin tí wọ́n fi ń tọ́jú rẹ̀ máa ń ta ènìyàn lójú àti nímú, ó sì di dandan kí ẹ̀rọ máa fa afẹ́fẹ́ yàrá náà jáde, kí ó sì máa fa tuntun wọlé. Ẹran ara yóò le, àwọ̀ rẹ̀ yóò ṣú, òpójẹ̀ àti iṣan ìmọ̀lára yóò sì jọ ara wọn débi pé akẹ́kọ̀ọ́ tuntun kò ní mọ èwo ni èwo. Ọ̀pọ̀ wákàtí ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ń ha ọ̀rá kúrò lára iṣan ìmọ̀lára tí ó wà ní abíyá kí wọ́n tó rí bí ó ṣe pín, bí ọ̀bẹ bá sì yẹ̀ lọ́wọ́ ẹnì kan, iṣan náà ti já nìyẹn. Kò sí ẹni tí yóò dá a padà fún àwọn tí wọ́n kù lórí tábìlì náà.

Mark Griswold ni orúkọ rẹ̀ so mọ́ ètò Cleveland yìí jù. Ọ̀jọ̀gbọ́n ni ní ẹ̀ka iṣẹ́ àwòrán inú ara ní Case Western Reserve, onímọ̀ físíìsì MRI, ìyẹn ẹ̀rọ tí ń fi agbára òòfà ya àwòrán inú ara, sì ni. Ọ̀nà ìyára-ya-àwòrán MRI tí wọ́n ń pè ní GRAPPA, tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2002, di ohun tí àwọn ilé ìwòsàn ń lò káàkiri. Iṣẹ́ rẹ̀ yìí ni mo fi ń lóye ohun tí ó fa ojú rẹ̀ mọ́ra. Ẹ̀rọ MRI máa ń ka inú ara ènìyàn bí ó ṣe jìn tó àti bí ó ṣe fẹ̀ tó, ṣùgbọ́n nígbà tí àwòrán náà bá dé ọwọ́ dókítà, yóò ti di abala pẹlẹbẹ lórí ojú kọ̀ǹpútà, dókítà náà ni yóò sì máa fi ọpọlọ ara rẹ̀ tò ó padà di ara odindi. Àwọn ògbóǹtarìgì ń ṣe é láìlàágùn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń jìyà lórí rẹ̀.

Ní oṣù Kìíní ọdún 2015 ni Microsoft kọ́kọ́ fi HoloLens han aráyé. Ní oṣù Kẹrin ọdún náà, ní ìpàdé Build tí ilé-iṣẹ́ náà ṣe ní San Francisco, Griswold gun orí pèpéle láti fi ohun tí yunifásítì rẹ̀ ti ń fi awò náà ṣe hàn: odindi ara ènìyàn dúró níwájú rẹ̀, wọ́n bó awọ kúrò, wọ́n bó ẹran kúrò, ó ku egungun àti àwọn ohun inú. Ní oṣù Kẹta ọdún 2016, Microsoft bẹ̀rẹ̀ sí í ta awò náà fún àwọn tí ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà, ní 3,000 dọ́là ẹyọ kan. HoloAnatomy ni yunifásítì náà sọ ètò tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí awò náà ṣe ń ṣiṣẹ́, nítorí ibẹ̀ ni àǹfààní rẹ̀ àti àléébù rẹ̀ ti jáde. Gíláàsì iwájú rẹ̀ mọ́ gaara. Ẹni tí ó dé e ń rí yàrá, ń rí olùkọ́, ń rí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ kan ń gba inú gíláàsì náà wá sínú ojú méjèèjì, àwòrán tí ó dé ojú ọ̀tún sì yàtọ̀ díẹ̀ sí èyí tí ó dé ojú òsì, gẹ́gẹ́ bí ó ṣe máa ń rí bí a bá ń wo ohun gidi. Àwọn kámẹ́rà kéékèèké tí ó wà lára rẹ̀ ń wọn ògiri, ilẹ̀ àti àwọn àga, wọ́n sì ń mọ ibi tí orí ẹni náà yí sí, nítorí náà bí ènìyàn bá rìn yí àwòrán náà ká, àwòrán náà kò ní tẹ̀ lé e. Yóò dúró sójú kan, ẹni náà yóò sì rí ẹ̀yìn rẹ̀. Ohun tí ó yà á sọ́tọ̀ nìyẹn sí virtual reality, èyí tí ń bo ojú pátápátá, tí ènìyàn kì í rí ẹni tí ó dúró tì í.

Ẹ̀kọ́ nípa ọkàn ni mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí kò sí ibòmíràn tí ojú ìwé ti ń tan ènìyàn jẹ tó bẹ́ẹ̀. Àwòrán tí gbogbo wa kọ́ nílé ẹ̀kọ́ girama ní ìhà ọ̀tún àti ìhà òsì tí ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, pẹ̀lú yàrá méjì lókè, méjì nísàlẹ̀. Ọkàn kò rí bẹ́ẹ̀ nínú àyà. Ó yí díẹ̀, ó sì dùbúlẹ̀ díẹ̀. Ìhà ọ̀tún rẹ̀ ni ó pọ̀ jù níwájú, lẹ́yìn egungun àárín àyà. Yàrá òkè ti ìhà òsì ni ó wà lẹ́yìn pátápátá, ó sì súnmọ́ ọ̀nà tí oúnjẹ ń gbà lọ sínú ikùn débi pé bí àwọn dókítà bá fẹ́ wò ó dáadáa, wọ́n a ti ẹ̀rọ ìyàwòrán tín-ín-rín gba ọ̀fun wọlé kí wọ́n lè yà á láti ẹ̀yìn. Òpójẹ̀ ńlá tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ẹ̀dọ̀fóró jáde ní iwájú, ó gba iwájú òpójẹ̀ aorta kọjá, ó sì yí lọ sẹ́yìn. Valve ti aorta, ìyẹn ìlẹ̀kùn tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà jáde lọ sí gbogbo ara, wà ní àárín ọkàn gan-an, ó há sáàárín àwọn valve yòókù.

Ka ìpínrọ̀ tí mo kọ tán yìí lẹ́ẹ̀kan sí i, kí o wò ó bóyá o rí ọkàn náà lójú inú rẹ. Ó ṣòro, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe nítorí pé ọ̀rọ̀ náà lọ́jú pọ̀. Ó ṣòro nítorí pé gbólóhùn ń tẹ̀ lé gbólóhùn, ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀yà náà wà pa pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, iwájú, ẹ̀yìn, òkè àti ìsàlẹ̀. Nínú kíláàsì HoloLens, ọkàn náà wà lójú afẹ́fẹ́ níwọ̀n àyà akẹ́kọ̀ọ́, wọ́n lè mú un tóbi ju ènìyàn lọ, akẹ́kọ̀ọ́ sì lè fi ẹsẹ̀ rìn láti ibi òpójẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró lọ sí ẹ̀yìn níbi tí yàrá òsì wà. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, yóò rí bí àwọn òpójẹ̀ ṣe so mọ́ ọn. Bí ó bá ti orí bọ inú rẹ̀, yóò wo valve aorta láti ìsàlẹ̀, yóò sì rí i pé ẹnu-ọ̀nà méjèèjì, èyí tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà wọlé àti èyí tí ó ń gbà jáde, súnmọ́ ara wọn pẹ́kípẹ́kí. Òkú kò lè fi ìyẹn hàn án láìjẹ́ pé wọ́n gé ọkàn náà, nígbà tí wọ́n bá sì ti gé e, ìrísí tí wọ́n ń wá ti dàrú.

Gbogbo àwọn tí wọ́n wà nínú yàrá ń rí àwòrán kan náà ní ibi kan náà, olùkọ́ sì ni ó ń pinnu ohun tí yóò hàn àti ohun tí yóò fara pa mọ́. Ó lè ní kí ẹran àyà kúrò, kí egungun ìhà kúrò, kí ẹ̀dọ̀fóró kúrò, kí wọ́n sì dá a padà bí ẹnì kan bá béèrè pé òun kò rí i dáadáa. Akẹ́kọ̀ọ́ lè nawọ́ sí òpójẹ̀ kan, kí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí ó dúró ní òdìkejì sì mọ èyí tí ó ń wí. Mo rò pé ìdí nìyí tí ètò náà fi dúró nígbà tí ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ ti kú lẹ́yìn ìfihàn àkọ́kọ́. Ẹ̀kọ́ ìṣègùn jẹ́ ohun tí àwọn ènìyàn ń jiyàn lé lórí níwájú ara kan. Ẹ̀rọ tí ó bá ti akẹ́kọ̀ọ́ mọ́nú àwòrán lóun nìkan ti gba ìdajì ẹ̀kọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Kí ni ìwádìí sọ? Ní 2020, àwọn ará yunifásítì náà gbé ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn Medical Teacher, nínú èyí tí wọ́n fi àwọn tí ó kẹ́kọ̀ọ́ pẹ̀lú awò wé àwọn tí ó la òkú. Máàkì ìdánwò wọn kò yàtọ̀ síra tó láti fi sọ pé ẹgbẹ́ kan borí, ṣùgbọ́n àwọn tí ó lo awò fi àkókò tí ó kéré jù kọ́ ohun kan náà. Ó yẹ kí a ka àbájáde náà sí, kí a sì rántí pé àwọn tí wọ́n ṣe ètò náà ni wọ́n tún yẹ̀ ẹ́ wò. Mi ò sọ pé wọ́n purọ́. Ohun tí mò ń sọ ni pé ìdánwò orúkọ ẹ̀yà ara ni ó rọrùn láti wọ̀n, kì í sì í ṣe gbogbo ohun tí yàrá òkú ń kọ́ni ni ìdánwò orúkọ ń mú.

Àwọn mìíràn tí kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú Cleveland ti wò ó náà. Ní Yunifásítì Bond ní Ọsirélíà, ìwádìí kan tí ó jáde ní 2017 kó ènìyàn 59 jọ láti kọ́ nípa agbárí. Apá kan lo virtual reality, apá kan lo AR (augmented reality, ìyẹn fífi àwòrán kún ohun gidi tí a ń rí) lórí tábúlẹ́ẹ̀tì, apá kan wo àwòrán tí a lè yí po lórí tábúlẹ́ẹ̀tì lásán. Ohun tí wọ́n mọ̀ nígbẹ̀yìn kò yàtọ̀ síra, ṣùgbọ́n orí fífọ́, òòyì àti ojú tí ń ṣe bàìbàì pọ̀ láàárín àwọn tí ó lo virtual reality. Ní ilẹ̀ Netherlands, àwọn ará Leiden fi HoloLens kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nípa ẹsẹ̀ láti orúnkún sísàlẹ̀, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2020. Lápapọ̀, ẹgbẹ́ tí ó lo awò kò borí àwọn yòókù. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ya àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí agbára wọn láti yí ohun po lójú inú ti tó, wọ́n rí i pé àwọn tí agbára yìí kéré lára wọn ṣe dáadáa pẹ̀lú awò ju pẹ̀lú àwòrán orí kọ̀ǹpútà lọ.

Àbájáde Leiden yìí ni mo kà sí pàtàkì jù nínú gbogbo rẹ̀. Nínú gbogbo kíláàsì ìṣègùn, a máa ń rí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó wo àwòrán pẹlẹbẹ tí ó sì mọ bí ẹ̀yìn rẹ̀ yóò ṣe rí, a sì máa ń rí èyí tí ó ka orí ìwé kan náà títí ilẹ̀ fi mọ́ tí kò rí i. Àwọn olùkọ́ máa ń rò pé ẹni kejì yìí ya ọ̀lẹ. Awò náà fi hàn pé ó lè jẹ́ ọ̀nà tí a gbà fi nǹkan hàn án ni kò bá a mu. Bí mo bá jẹ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tí owó rẹ̀ kò tó ra awò fún gbogbo ènìyàn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọ̀nyẹn ni n bá kọ́kọ́ rà á fún.

Nígbà tí àrùn Kòrónà dé ní 2020, ètò Cleveland rí àyè tí ẹnikẹ́ni kò gbèrò. Ilé ẹ̀kọ́ ti ìlẹ̀kùn, yàrá òkú ní ọ̀pọ̀ ìlú sì di ibi tí a kò lè kó akẹ́kọ̀ọ́ jọ sí. Case Western Reserve kó awò fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kí wọ́n máa lò ó nílé. Lọ́dún yẹn, gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn 185 tí ó wà ní ọdún kìn-ín-ní ni wọ́n ṣètò pé kí wọ́n fi HoloAnatomy kẹ́kọ̀ọ́ láti ibi tí kálukú wà. Ara ènìyàn kan náà dúró sí yàrá kálukú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì tàbí tábìlì oúnjẹ, olùkọ́ sì ń darí rẹ̀ láti ilé tirẹ̀. Susanne Wish-Baratz, olùkọ́ ẹ̀yà ara ní yunifásítì náà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn JAMA Network Open lọ́dún náà. Ohun tí àwọn olùdásílẹ̀ rẹ̀ ṣe nítorí ilé tuntun ni ó wá gba wọ́n sílẹ̀ nígbà tí kò sí ẹni tí ó lè wọ ilé náà.

Àwọn ìṣòro rẹ̀ náà wà. Àyè tí awò àkọ́kọ́ lè fi àwòrán sí kò fẹ̀: ẹni tí ó bá súnmọ́ ara náà láti wo ìfun, orí àti ẹsẹ̀ yóò pòórá, àfi kí ó fà sẹ́yìn. HoloLens 2, tí Microsoft fi hàn ní 2019 tí ó sì tà ní 3,500 dọ́là nígbà náà, mú kí ó fẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n kò tíì tó bí ojú wa ti ń rí. Nítorí pé ìmọ́lẹ̀ ni awò náà ń dà sójú, kò lè fi dúdú hàn, bí oòrùn bá sì wọ yàrá púpọ̀, àwòrán náà yóò ṣá. Ojú tún ní ìnira kan tí àwọn tí ń tà á kì í sọ púpọ̀: gíláàsì náà ń mú kí ojú dúró bí ẹni tí ń wo ohun tí ó jìnnà tó nǹkan bí mítà méjì, nítorí náà bí akẹ́kọ̀ọ́ bá fa àwòrán súnmọ́ imú rẹ̀ láti wo iṣan kékeré kan, ohun tí ojú méjèèjì ń wò àti ibi tí wọ́n dúró sí yóò takora, àárẹ̀ yóò sì mú un. Ìwọ̀n rẹ̀ ju ìdajì kílò lọ lórí ènìyàn. Bátìrì rẹ̀ kì í kọjá wákàtí méjì sí mẹ́ta.

Ìwọ̀nyí lè dínkù bí ẹ̀rọ bá ti ń dára sí i. Èyí tí kò ní dínkù bẹ́ẹ̀ ni pé ara tí wọ́n ń wò kò ní ìfọwọ́kàn. Oníṣẹ́ abẹ ń fi ìka mọ ohun tí ojú rẹ̀ kò rí: bí òpójẹ̀ ṣe rọ̀ tàbí bí ó ṣe le, bí awọ tín-ín-rín tí ó bo ìfun ṣe ń ya, bí agbára tí ó fi di ọ̀bẹ mú ṣe gbọ́dọ̀ tó. Àwọ̀ pupa fún òpójẹ̀ tí ń jáde, búlúù fún èyí tí ń padà, yẹ́lò fún iṣan ìmọ̀lára, gbogbo rẹ̀ ń ran ẹni tí ń bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n aláìsàn tí ó wà lórí tábìlì kò ní àwọ̀ kankan bẹ́ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ni yóò bo gbogbo rẹ̀.

Ohun tí ó jẹ mí lógún ju ìfọwọ́kàn lọ ni pé ara ènìyàn yàtọ̀ síra. Òpójẹ̀ tí ó ń lọ sí ẹ̀dọ̀, bí àpẹẹrẹ, kì í gba ọ̀nà kan náà nínú gbogbo ènìyàn. Nínú àwọn kan, ẹ̀ka ọ̀tún rẹ̀ ti inú òpójẹ̀ tí ó ń bọ́ ìfun jáde, ó sì gba ibi tí ẹnikẹ́ni kò retí kọjá. Oníṣẹ́ abẹ tí ó fẹ́ yọ àpò òróòro tí kò mọ̀ pé irú èyí wà lè gé ohun tí kò yẹ kí ó gé. Nínú yàrá tí òkú mẹ́wàá bá wà, akẹ́kọ̀ọ́ yóò rí i pé ti orí tábìlì kẹta yàtọ̀ sí ti orí tábìlì kejì, ẹ̀kọ́ yìí yóò sì wọ̀ ọ́ lára kí olùkọ́ tó là á yé e. Àwòrán tí wọ́n ṣe dáadáa, tí gbogbo kíláàsì ń wò, jẹ́ ara kan ṣoṣo tí kò ní àbùkù. A lè ṣe púpọ̀, a sì lè fi àwòrán MRI ti àwọn aláìsàn gidi ṣe é. Griswold àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wà lára àwọn tí iṣẹ́ náà tọ́ sí jù. Ṣùgbọ́n ẹnì kan gbọ́dọ̀ pinnu pé òun fẹ́ fi ìyàtọ̀ hàn, nígbà tí òkú ń fi í hàn láìbéèrè.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ara inú kọ̀ǹpútà bọ́ lọ́wọ́ ìbéèrè ibi tí òkú ti wá. Nígbà tí ilé àkójọ ìwé ìṣègùn ti ìjọba Amẹ́ríkà gbé àwòrán odindi ọkùnrin kan jáde ní 1994, ẹni tí ìjọba Texas pa nítorí ẹ̀ṣẹ̀ ìpànìyàn ni. Wọ́n mú un dì bí yìnyín, wọ́n sì ń ha ara rẹ̀ ní mìlímítà kan-kan, wọ́n ń ya fọ́tò abala kọ̀ọ̀kan. Ti obìnrin tẹ̀ lé e ní 1995. Ọ̀pọ̀ àwòrán ara ènìyàn tí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ti ń yí po láti ìgbà náà ni ó ti inú iṣẹ́ yẹn jáde. Nílẹ̀ Nàìjíríà tiwa, ọ̀pọ̀ òkú tí ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ń lò jẹ́ ti àwọn tí ẹnikẹ́ni kò wá gbà ní mọ́ṣúárì, tí wọn kò fọwọ́ sí ohunkóhun nígbà ayé wọn. Bí AR bá lè dín iye wọn kù, ìdí nìyẹn nìkan tó láti gbìyànjú rẹ̀, àbájáde Bond sì fi hàn pé tábúlẹ́ẹ̀tì tí kò gbówó lórí lè ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà kí ẹnikẹ́ni tó na owó ńlá lórí awò.

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024, Microsoft kéde pé àwọn kò ní ṣe HoloLens 2 mọ́. Wọ́n ní àwọn yóò máa tún àléébù ààbò inú ètò rẹ̀ ṣe títí di ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2027. HoloLens àkọ́kọ́ ti parí tirẹ̀ ní oṣù Kejìlá 2024. Ilé ẹ̀kọ́ tí ó ti ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún awò kò ní fọ́jú lọ́jọ́ kan, ṣùgbọ́n èyí tí ó bá ti ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ já bọ́ tí ó fọ́, kò sí tuntun láti ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ṣe é.

Ìgbà tí ìkéde yẹn jáde ni ìpinnu ọdún 2019 wá fi ojú rẹ̀ hàn kedere. Bí Case Western Reserve bá ní yàrá òkú lẹ́gbẹ̀ẹ́ kíláàsì awò, wọn ì bá kàn dúró de ẹ̀rọ tí ń bọ̀. Ní báyìí, yàrá òkú kì í ṣe ohun tí a lè fi ìsinmi ọdún kan kọ́ padà: ó nílò ẹ̀rọ tí ń fa afẹ́fẹ́ jáde, yàrá títutù, ọ̀nà tí omi àti oògùn yóò gbà ṣàn, ìwé àṣẹ, àti àwọn olùkọ́ tí ọwọ́ wọn ṣì mọ ọ̀bẹ. Ohun tí ilé ẹ̀kọ́ náà ní tí Microsoft kò lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ni àwọn àwòrán ara tí wọ́n ṣe, bí wọ́n ṣe tò ó di ẹ̀kọ́, àti àwọn olùkọ́ tí wọ́n ti mọ bí a ṣe ń kọ́ni pẹ̀lú rẹ̀. Iṣẹ́ tí ó wà níwájú wọn ni láti kó gbogbo rẹ̀ bọ́ sórí awò ilé-iṣẹ́ mìíràn kí ọdún 2027 tó parí. Ilé ẹ̀kọ́ tí ó bá sì fẹ́ ṣe bíi tiwọn gbọ́dọ̀ béèrè lọ́wọ́ ẹni tí yóò ta ètò fún un, kí ó tó fọwọ́ sí ìwé, bóyá àwọn àwòrán náà yóò ṣí lórí ẹ̀rọ ẹlòmíràn, kí ó sì fi yàrá kan sílẹ̀, bí ó ti wù kí ó kéré tó, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò ti fi ìka kan ara gidi.